Nítorí Agolo Tí O Fẹ́ Lù fún Àkànní

Lásùnwọ̀n,
Ìkòròdú.
Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Mosúnmọ́lá,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Àkànní, ọmọkùnrin kékeré tó sọ mí di bàbá àgbà. Ara wa le níbí. Màmá rẹ ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀, ó sì ń dá rédíò lóhùn bó ṣe máa ń ṣe, bíi pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ẹ kú ilé tuntun. Mo bá yín yọ̀ pé ẹ ti rí ibi gbé ní Ẹ̀pẹ́.

Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì nítorí bí mo ṣe gé fóònù lánàá. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Irọ́ ni mo pa. Mò ń gbọ́ ọ kedere. O ní ilé náà dára, iná máa ń wà, ọkọ rẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ò ní ọgbà, ọ̀sà ló wà níbẹ̀, Àkànní tó ń rákòrò kò sì mọ ọ̀nà mìíràn ju ọ̀nà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ. Lẹ́yìn náà lo wá ní, "Dádì, agolo tí ẹ lù fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré, báwo lẹ ṣe ṣe é gan-an? Mo fẹ́ ṣe é fún Àkànní. Ó ṣáà ṣiṣẹ́ fún mi." Ò ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń sọ ọ́. O tiẹ̀ ní o ti rí agolo, pé ọjọ́ Sátidé lo máa bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ bá wà nílé. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn ni mo gé fóònù.

Mò ń kọ lẹ́tà yìí nítorí pé tí mo bá pè ọ́ pa dà, wàá ní, "Dádì, ẹ ti ń ronú jù," a ó sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Káyọ̀dé àbúrò rẹ á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp lónìí, á sì mú ìwé náà fúnra rẹ̀ wá fún ọ tó bá ń bọ̀. Ó gùn díẹ̀. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó fọwọ́ kan agolo yẹn.

O mọ̀ pé iṣẹ́ tísà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Saikọ́lọ́jì ni mo kọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá, òun náà ni mo sì fi kọ́ àwọn tó fẹ́ di tísà ní Ẹ̀pẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Ohun tí mo ṣe fún ọ, láti inú rẹ̀ ni mo ti mú un. Mo ti fi ṣe ìtàn ẹ̀rín níwájú àwọn ẹbí tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ náà fi gbà pé oore ni mo ṣe ọ́. N ò tíì jókòó kí n sọ fún ọ rí bí ìwádìí náà ṣe rí gan-an. Máa bá mi kálọ.

Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Ṣáájú rẹ̀, bàbá kan ní Rọ́ṣíà ti fi àwọn ajá hàn wá pé tí ìró kan bá ń dún sí wọn létí kí oúnjẹ tó dé, tó bá yá, ìró yẹn nìkan á mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu wọn láìrí oúnjẹ kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà wá ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ìbẹ̀rù ṣe ń wọ ọmọ ènìyàn lára. Òun àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú ọmọ ọwọ́ kan, tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún kan. Wọ́n gbé eku funfun sí i níwájú, wọ́n gbé ehoro, ajá, ọ̀bọ, òwú. Kò bẹ̀rù ìkankan nínú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbé eku náà wá, bí ọmọ ṣe nawọ́ tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọ́n fi òòlù gbá ọ̀pá irin lẹ́yìn orí rẹ̀. Ọmọ ta gìrì. Wọ́n tún ṣe é, ó bú sẹ́kún. Wọ́n ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi di pé tí wọ́n bá gbé eku nìkan jáde, láìlu irin, ọmọ á figbe ta, á sì fi ìrákòrò sá lọ débi pé díẹ̀ ló kù kó já bọ́ lórí tábìlì kí wọ́n tó dì í mú. Kò pẹ́ tó fi ń fajú ro sí ehoro, sí ajá, sí ẹ̀wù onírun, àti sí ìbòjú Bàbá Kérésìmesì pàápàá.

Mo mọ̀ pé ara rẹ ń bù máṣọ bí o ṣe ń ka èyí, torí pé ọmọ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ Àkànní ni.

Mi ò ní bu ìwádìí náà kù ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi í jẹun. Kí wọ́n tó lu irin rárá, wọ́n ti yẹ ọmọ wò láti mọ̀ dájú pé kò bẹ̀rù eku. Tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló máa mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù náà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Láàárín rẹ̀, wọ́n máa ń fún un ní àwọn igi ìṣeré rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ṣeré dáadáa, ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ti di ẹ̀rù fún un. Wọ́n pa dà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àti lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Wọ́n ya fíìmù rẹ̀ kí ẹni tí kò bá gbà wọ́n gbọ́ lè fojú ara rẹ̀ wò ó. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ṣe ni wọ́n ń bí ìbẹ̀rù mọ́ni, àwọn wọ̀nyí fi hàn pé ènìyàn lè kọ́ ọ. Ohun tí ènìyàn bá sì kọ́, ó ṣeé ṣe kó tún bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí dókítà ń bá wo ìbẹ̀rù lónìí, ojú ọ̀nà yẹn ni ìwòsàn wọn gbà wá. Nítorí náà, tí mo bá ní o má ṣe é, kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n pa.

Wàyí o, a ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, nítòsí èbúté, láàárín àwọn apẹja tó wá láti etí òkun Oǹdó. Ọmọ àwọn aládùúgbò wa kan ti bá omi lọ lọ́dún tó ṣáájú. Ẹ̀rù ń bà mí tọkàntọkàn. Màmá rẹ ní ká kó kúrò níbẹ̀, àwọn kan ní ká máa so ọ́ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ṣùgbọ́n èmi ti kàwé, mo mọ ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kó abẹ́rẹ́ àti òwú màmá rẹ dà nù kúrò nínú agolo bisikíìtì ńlá kan, mo wá igi, mo sì ń tẹ̀ lé ọ kiri. Bí o bá ti fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ bọ omi báyìí, mo lù ú gbàà sí ọ létí. Màmá rẹ bọ́ síta, ó ní, "Bàbá Mosún, ọmọ ni mo bí fún yín o, n ò bí eku ìwádìí." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní nínú ìwádìí yẹn, ọmọ kọ́ ni eku, eku ni eku. Ó wò mí, ó ní òun ò rí ìyàtọ̀ níbẹ̀.

Láìpẹ́ láìjìnnà, o ò sún mọ́ omi mọ́. Gbogbo àdúgbò yìn mí. Wọ́n ní Tísà gbọ́n. Inú mi dùn gan-an, mo sì lọ sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ní báyìí, jẹ́ kí n to àwọn ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìwádìí náà fún ọ, àti bí èmi náà ṣe ṣe irú wọn sí ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, ọmọ kan ṣoṣo ni. Kò sí ọmọ mìíràn tí wọ́n fi wé e, wọ́n sì ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ọmọ ayé. Èmi náà, ìwọ nìkan ni mo rí tí mo fi ń pariwo kiri. Nígbà tí a wá bí Káyọ̀dé, tóun náà ń lọ sídìí omi, mo tún gbé agolo. Mo lù ú gbàà. Káyọ̀dé wẹ̀yìn, ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo tún lù ú. Ó kúrò létí omi, ó wá gba igi lọ́wọ́ mi, ó sì lu agolo náà títí tí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ará ilé ló wá bẹ̀ mí kí n gba agolo lọ́wọ́ ọmọ mi. Omi kan náà ni, bàbá kan náà, agolo kan náà. Àkànní ńkọ́? Ṣé bíi tìrẹ ló máa rí àbí bíi ti Káyọ̀dé? Ìwọ ò mọ̀, èmi ò mọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn náà ò lè sọ fún wa.

Èkejì, ojú lásán ni wọ́n fi wọn ìbẹ̀rù náà. Àwọn tó ń fẹ́ kí ọmọ bẹ̀rù ni wọ́n tún ń sọ pé ó ti bẹ̀rù. Bí ọmọ bá kan fajú ro, wọ́n á ní ẹ ò rí i. O mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì, bó ṣe jẹ́ pé ẹni tó ti fọkàn sí àìsàn kan á máa rí i lára gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn tí mo lu agolo náà fún ọ, o máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, o ò ní ṣeré, o ò ní sọ̀rọ̀. Mo ní o ti gbẹ́kọ̀ọ́. Màmá rẹ ní ara rẹ ò dá. Ó gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn, wọn ò rí ibà kankan.

Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń dùn mí jù nínú àwọn tí mo lè sọ láìmí kanlẹ̀. Ọmọ inú ìwádìí náà, bó bá ti ki àtàǹpàkò bọ ẹnu báyìí, ara rẹ̀ á balẹ̀, ìbẹ̀rù náà ò ní ràn án mọ́. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n ń yọ àtàǹpàkò náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, léraléra, kí ìbẹ̀rù lè pa dà wá. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kà á nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, mo fàlà sí i, n ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Tìrẹ kì í ṣe àtàǹpàkò. Ìró tí màmá rẹ ń ró mọ́dìí ni tìrẹ. Tí mo bá ti lu agolo, wàá sá lọ di ìró rẹ̀ mú, wàá fi bojú, ẹkún á sì dá. Mo rí i pé ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo ní kí màmá rẹ máa wọlé lọ tó bá ti di àkókò yẹn, kó sì ti ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo bínú, ó wọlé. O ń gbá ilẹ̀kùn náà.

Mo sinmi díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọ ìyẹn. Màmá rẹ béèrè ohun tó ṣe mí, mo ní kò sí.

Ohun mìíràn ni bí ìbẹ̀rù náà ṣe ń tàn. Wọ́n ní láti orí eku ló ti fúnra rẹ̀ tàn dé orí ehoro àti ajá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbẹ̀rù náà ń lọ sílẹ̀, wọ́n tún lu irin láti jí i, wọ́n sì lù ú nígbà tí ehoro àti ajá gan-an wà níwájú ọmọ, ìyẹn ló fi di pé a ò lè sọ dájúdájú mọ́ èyí tó tàn àti èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn. Ní tìrẹ, kò sẹ́ni tó lu agolo sí ọ létí nígbà tí òjò ń rọ̀. Síbẹ̀, bí òjò bá ti ń lu páànù, wàá di etí méjèèjì mú. O ń pariwo tí a bá gbé ọ sínú báàfù. Ní ọdún tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo àwọn abúlé etí ọ̀sà, ìwọ nìkan lo dúró sílé, o ní inú ń run ọ́. Nígbà tí o di nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ní kí o máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gún àwọn ọmọ apẹja ní abẹ́rẹ́, o kọ iṣẹ́ náà, o sì mọ̀ pé iṣẹ́ tó wù ọ́ ni. O sọ fún wa pé owó ọkọ̀ ló pọ̀ jù. Èmi àti màmá rẹ wo ara wa.

Èyí tó gbẹ̀yìn lára tiwọn ni pé ìyá ọmọ náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ kúrò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá ọmọ yọ ìbẹ̀rù náà kúrò. Wọ́n kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ìbá gbìyànjú rẹ̀ bí àyè bá wà. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ẹni tí ọmọ náà í ṣe àti bóyá ara rẹ̀ tiẹ̀ dá. Ṣé o mọ ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi? Mo ní wọ́n wo ọmọ náà sàn lẹ́yìn ìwádìí, ó sì ń fi ehoro ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan tí mo fi ń kọ́ni ṣe sọ ọ́, n ò sì lọ wo ti àwọn tó ṣe é gan-an mọ́, nítorí pé ìparí yẹn tù mí lára. Ọ̀pọ̀ tísà ló wà káàkiri ìpínlẹ̀ yìí tó ń sọ irọ́ yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹnu mi ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní, "Dádì, ṣùgbọ́n omi ò gbé mi lọ." Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí o yọ̀ ṣubú sómi ní èbúté. O ti lè dá lọ sọ́jà nígbà náà, o lọ bá màmá rẹ ra ẹja. Bí o ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé omi fẹ́ gbé ọ lọ, Bàbá Ẹbùn apẹja ló yọ ọ́. Bàbá Ẹbùn wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Tísà, ọmọ yín ò ṣe nǹkan kan. Kò ju ọwọ́, kò ju ẹsẹ̀. Ó kàn le gbagidi, ó ń lọ sísàlẹ̀. Mo ń pariwo pé kó dìde, pé ilẹ̀ ń bẹ." Omi náà ò kọjá ìbàdí rẹ. Tí o bá dìde dúró, wàá kàn tutù lásán ni. Káyọ̀dé tí agolo pa lẹ́rìn-ín ti lúwẹ̀ẹ́ láti ibẹ̀ dé ìdí àwọn ọkọ̀ àìmọye ìgbà. Nítorí náà, má sọ fún mi mọ́ pé ó ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí omi má pa ọ́, mo sì kọ́ ọ ní ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí omi tí kò tó nǹkan pa ọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìwádìí tí mo sọ yẹn, obìnrin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn kan náà mú ọmọkùnrin kan tó ń bẹ̀rù ehoro. Ó gbé e sí orí àga, ó fún un ní oúnjẹ tó fẹ́ràn, ó sì gbé ehoro nínú àgò sí ọ̀ọ́kán. Lọ́jọ́ mìíràn, ó sún un mọ́ ọn díẹ̀. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi ń fi ọwọ́ pa ehoro lára. Òun náà ní àléébù tirẹ̀ o. Ọmọ kan náà ni, ó ṣàìsàn láàárín, àwọn ọmọ mìíràn tí kò bẹ̀rù sì wà níbẹ̀, a ò wá mọ̀ bóyá oúnjẹ ló ṣe é ni àbí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá máa fi ọmọ mi ṣe ìwádìí, irú èyí ni mo fẹ́. Mo mọ ìwádìí yìí dunjú nígbà tí o ṣì ń fi ìró màmá rẹ bojú. N ò lò ó fún ọ. Mo ní tó bá dàgbà, á lọ fúnra rẹ̀. Tí mo bá lò ó, ìbá gbà mí ní sùúrù, agolo sì yá ju sùúrù lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Sọ fún ọkọ rẹ kó kan ọgbà sí ẹ̀yìn ilé, bó jẹ́ páànù àlòkù àti igi ni. Tí onílé bá ń janu, kó fún èmi ní nọ́ńbà rẹ̀. Kẹ́ ẹ fi géètì kékeré sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì máa da omi inú báàfù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì nù tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán. Kí ojú àgbàlagbà kan máa wà lára ọmọ nígbà gbogbo. Má fi fóònù sọ́wọ́ ṣọ́ ọmọ létí omi, mo mọ̀ ọ́. Tí Àkànní bá tó ẹni tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, Káyọ̀dé á kọ́ ọ, á sì kọ́ ìwọ náà tí o bá gbà. Bẹ̀rẹ̀ láti ìta, ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ á ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mú dùndún tí o fẹ́ràn dání, bíi ti ọmọ tó ń bẹ̀rù ehoro. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá rẹ ti dé ẹ̀yìn mi báyìí, ó ń kà á. Ó ní kí n kọ ọ́ pé, "Ẹ sọ fún un pé mo ní kó má ṣe é. Kí ni gbogbo gbólóhùn tẹ́ ẹ kọ yìí, ṣé ìyẹn nìkan ò tó ni?" Ó ṣeé ṣe kó tó. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù tí n ò tíì sọ fún òun pàápàá.

Nínú ìwádìí yẹn, ẹ̀yìn ọmọ ni wọ́n ti ń lu irin. Wọ́n fara pa mọ́ fún un. Èmi ò ráyè fara pa mọ́. Etí omi há, ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo dúró sí, o sì ń rí mi. Tí agolo bá dún, omi wà níbẹ̀, èmi náà sì wà níbẹ̀. Mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ènìyàn pé ohunkóhun tó bá wà lójú ọmọ nígbà tí ẹ̀rù bà á lè di ẹ̀rù fún un. Mi ò fi ara mi kún un rí.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Àkànní, gbogbo wa wà ní pálọ̀, inú wa ń dùn. Mo gba tíréè oyin àti iyọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, mo fẹ́ gbé e sórí tábìlì. Mo kàn gbé ọwọ́ sókè ni. O wà níwájú mi, o gbé ọmọ sí àyà. Kí tíréè náà tó kan tábìlì, o ti yí ẹ̀yìn sí mi, o sì ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí ọmọ rẹ. O ò mọ̀ pé o ṣe é. O ń bá ìyá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ lọ, o tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i nínú ilé yẹn. Mo gbé tíréè sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, mo lọ jókòó síta, nígbà tí o sì wá béèrè pé kí ló dé, mo ní ooru ló mú mi.

Omi nìkan kọ́ ni mo kọ́ ọ láti bẹ̀rù, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Àkànní ò mọ ìró kankan mọ́ ọ báyìí ju ohùn rẹ lọ. Tó bá ń lọ sídìí omi ní Sátidé, sáré lọ gbé e.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.